Orí Kẹrin: Jíjí Ògbólógbòó Ọkọ̀ Onítúùbù Dìde Lẹ́yìnkùlé

Bí ẹ bá dúró létí omi Ìgbókòdá, ní ilẹ̀ Ìlàjẹ, lọ́jọ́ ọjà, ọkọ̀ onípákó àti ọkọ̀ fáíbà ni ẹ ó máa rí, ẹ́ńjìnì Yamaha nídìí wọn, èrò àti ẹrù nínú wọn, wọ́n ń lọ sí Ayétòrò, wọ́n ń lọ sí Ùgbọ̀nlà, wọ́n ń lọ sí Àwóyè. Ọkọ̀ onítúùbù, tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ le, tí túùbù aláfẹ́fẹ́ sì yí i ká, kò wọ́pọ̀ láàárín wọn. Àlejò ni lọ́dọ̀ wa. Àwọn tó ń wa epo lójú òkun ló ń lò ó, tàbí ọkọ̀ ńlá tó gbé e kọ́ ẹ̀gbẹ́ fún ọjọ́ ìdágìrì, tàbí àwọn agbófinró orí omi. Bí túùbù rẹ̀ bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í jò, wọn a wọ́ ọ sẹ́yìn ọgbà, òjò a máa rọ̀ sí i, aláǹgbá a máa sùn nínú rẹ̀, títí ẹnì kan yóò fi tà á fún ẹni tó lójú àánú. Ẹni tó lójú àánú yẹn ni mo ń bá sọ̀rọ̀ nínú orí yìí, pàápàá bí ẹ bá ti sanwó tán, tí ọkọ̀ náà ti wà lẹ́yìnkùlé, tí ìyàwó sì ti bèèrè lẹ́ẹ̀mejì pé kí lẹ fẹ́ fi í ṣe.

Ẹ má jẹ́ kí ojú tì yín. Irú àtúnṣe báyìí gan-an ló bí ọkọ̀ náà. Ní ọdún 1952, dókítà ará Faransé kan tó ń jẹ́ Alain Bombard fi ọkọ̀ rọ́bà gba orí òkun Àtìláńtíìkì kọjá, ṣùgbọ́n ìsàlẹ̀ ọkọ̀ rọ́bà ayé ìgbà náà rọ̀ bí àpò ni. Ní àwọn ọdún 1960, ní Atlantic College tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Wales ní 1962, òkúta etíkun ń fa ìsàlẹ̀ ọkọ̀ rọ́bà àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ya nígbà gbogbo. Wọ́n wá fi plywood há a nísàlẹ̀. Ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ náà, Desmond Hoare, tó ti jẹ́ ọ̀gágun ojú omi tẹ́lẹ̀, kò fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Òun àti àwọn ọmọ náà ń kan án, wọ́n ń tú u, títí ìsàlẹ̀ líle àti túùbù aláfẹ́fẹ́ fi di ara kan ṣoṣo. Ní 1973 ó gbé ẹ̀tọ́ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ fún RNLI, ẹgbẹ́ tó ń gba ẹ̀mí là létíkun ilẹ̀ Bìrìtéènì, ní póùn kan ṣoṣo.

Kí ẹ tó gbé ọ̀bẹ, ẹ gbé ìwé. Ẹ gba rìsíìtì lọ́wọ́ ẹni tó tà á, kí ẹ sì wá nọ́ńbà tí wọ́n fín sára rẹ̀. Lápá ọ̀tún ìdí ọkọ̀, lókè, ni ó sábà máa ń wà. Bí wọ́n bá ti ha nọ́ńbà náà dànù, ẹ dá ọkọ̀ padà, ẹ gba owó yín. Ọkọ̀ tó jọ ti agbófinró, tí kò ní ìwé, tó ń sáré kiri ẹnu òkun, ẹ mọ ohun tí wọn yóò fi pè é. Bí ẹ bá tún un ṣe tán, ọ́fíìsì NIWA, àjọ ìjọba tó ń mójú tó ọ̀nà orí omi, ni a ti ń bèèrè bí a ṣe ń forúkọ ọkọ̀ sílẹ̀. Mi ò ní sọ̀rọ̀ lórí ìyẹn jù báyìí lọ.

Ibi tí ẹ ó ti ṣiṣẹ́ ńkọ́? Ayétòrò ni ìbá yẹ kí n sọ, nítorí láti ìgbà tí wọ́n ti tẹ ìlú náà dó ní 1947 ni wọ́n ti ń kan ọkọ̀ níbẹ̀, àwọn káfíńtà ibẹ̀ sì lè fi etí lásán mọ pákó tó ti jẹrà. Ṣùgbọ́n òkun ti gba ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé lọ́wọ́ wọn, iyanrìn tí ẹ gbé ọkọ̀ lé lónìí lè má sí níbẹ̀ lóṣù tó ń bọ̀. Ẹ fà á wá sókè, sí Ìgbókòdá tàbí Òkìtìpupa, síbi ilẹ̀ líle, lábẹ́ páànù tàbí tapólì, níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ wọlé tó ń fẹ́ jáde. Ibẹ̀ kò gbọdọ̀ súnmọ́ ibi tí wọ́n ti ń yan ẹja. Ooru gọ́ọ̀mù àti tínà wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ilẹ̀ ló ń gbá lọ bí ejò títí yóò fi kan iná. Bẹ́ẹ̀, ní Ìlàjẹ, ilé wo ni kò sí iná ẹja lẹ́yìn rẹ̀? Ẹ bá àwọn ìyá ilé sọ̀rọ̀, kí ẹ jọ mú ọjọ́ tí wọn ò ní dáná.

Orí ògbólógbòó táyà ni kí ẹ gbé ọkọ̀ lé, kí ìwúwo rẹ̀ bọ́ sórí egungun ìsàlẹ̀ rẹ̀, kí túùbù máa fì lófìífo.

Ìdí ni kí ẹ kọ́kọ́ wò

Gbogbo ẹni tó ra irú ọkọ̀ yìí, túùbù ló máa ń sáré sí. Túùbù ló rọ̀, túùbù ló ṣá, òun ni ojú ń rí. Ṣùgbọ́n túùbù kì í sábà pa ọkọ̀. Ohun tó ń pa á ni omi tó wọ inú pákó lọ láìsí ariwo. Mo ti rí ọkọ̀ tí olówó rẹ̀ ná owó ọdún kan lé túùbù rẹ̀ lórí, ó ń dán bí ẹja tuntun, tí a sì fi ìka kan ṣoṣo mi pákó ìdí rẹ̀ bí eyín àgbàlagbà.

Pákó ìdí ni èyí tí a ń gbé ẹ́ńjìnì kọ́. Plywood ló wà nínú rẹ̀, fáíbà sì bò ó níwájú àti lẹ́yìn. Ihò bóòtì ẹ́ńjìnì, ihò tí omi ń gbà jáde, ihò tí ẹnì kan fi dírílì lu láti fi gbé nǹkan kékeré kọ́ tó sì yọ ọ́ kúrò, gbogbo wọn ni ẹnu ọ̀nà omi. Omi á wọlé, kò ní rí ọ̀nà jáde, pákó á sì di ẹ̀kọ tútù nínú àpò fáíbà. Ẹ mú ẹ̀yìn sukudíráfà, ẹ máa kàn án láti òkè dé ìsàlẹ̀, ní ìka méjì-méjì síra. Ibi tó le á dáhùn kó, ibi tó ti jẹrà á dáhùn pò. Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí i. Lẹ́yìn náà ẹ lu ihò kékeré kan nísàlẹ̀ pátápátá, láti inú ọkọ̀. Bí èérún pákó tó tẹ̀lé dírílì jáde bá gbẹ tó sì funfun, ẹ dúpẹ́. Bí ó bá dúdú tó sì tutù, tí ó ń rùn bí ẹrẹ̀ abẹ́ afárá, iṣẹ́ ti dé.

Ìsàlẹ̀ ọkọ̀ náà, bákan náà. Láàárín ilẹ̀ tí a ń tẹ̀ àti ìsàlẹ̀ tó kan omi, ọ̀pọ̀ wọn ní fóòmù, èyí tó yẹ kó mú ọkọ̀ léfòó. Fóòmù tó ti gbé ọdún mẹ́wàá nínú òjò a máa mu omi bí búrẹ́dì. Bí ọkùnrin mẹ́rin bá gbé orí ọkọ̀ tí kò lè kúrò nílẹ̀, tí ẹ́ńjìnì kò sì sí nídìí rẹ̀, ẹ má wá ẹjọ́ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Ẹ fi gíráńdà gé ilẹ̀ rẹ̀ ní igun mẹ́rin, ẹ hú fóòmù náà jáde. Ìgbà tí ẹ ó bá hú u ni ẹ ó tó mọ̀ pé omi kì í gbẹ kúrò nínú rẹ̀, bó ti wù kí oòrùn mú tó.

Tí ẹ bá ti tú u, ẹ fi omi tí kò ní iyọ̀ fọ gbogbo rẹ̀. Omi òjò ló dára jù. Iyọ̀ tó kù lára fáíbà á máa fa ọ̀rinrin láti inú afẹ́fẹ́ lálaalẹ́, ẹ ó sì máa rò pé òjò ló ń jò sí i. Ẹ fọ̀ ọ́, ẹ jẹ́ kó gbẹ, ẹ fi ahọ́n kan án. Bí ó bá ṣì ní adùn iyọ̀, ẹ tún un fọ̀. Àwọn kan á rẹ́rìn-ín bí ẹ bá ń lá ọkọ̀ lẹ́yìnkùlé. Ẹ jẹ́ kí wọ́n rín in. Lẹ́yìn èyí, ẹ fi í sílẹ̀ kó gbẹ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Nígbà òjò, n kò mọ iye ọ̀sẹ̀ tí ẹ ó kà.

Pákó tuntun wá kù. Ẹ ṣọ́ra fún ohun tí wọ́n ń pè ní marine board nílé pákó. Orúkọ ló jọ ti omi, iṣẹ́ rẹ̀ kò jọ ọ́. Kọnkéré ni wọ́n ṣe é fún. Awọ dídán tó wà lójú rẹ̀ ni kì í jẹ́ kí sìmẹ́ǹtì lẹ̀ mọ́ ọn. Awọ yẹn náà kì í jẹ́ kí résìn lẹ̀ mọ́ ọn, inú rẹ̀ sì lè ní àlàfo tí omi á fi ṣe ilé. Plywood tí a ṣe fún ọkọ̀ gan-an ni kí ẹ wá, abala méjì tó nípọn mílímítà 18 ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ lẹ̀ wọ́n pọ̀ di mílímítà 36, bí ti àtijọ́ bá ṣe nípọn tó bẹ́ẹ̀. Ẹ wọn ti àtijọ́ kí ẹ tó dà á nù. Bí kò bá sí plywood tó dára, pákó ọ̀pẹ̀pẹ̀ tó ti gbẹ dáadáa sàn ju marine board lọ, bó tilẹ̀ wúwo. Ẹ má fi résìn lásán lẹ pákó mọ́ pákó. Epoxy ni kí ẹ lò níbẹ̀, òun ló ń di igi mú. Ihò bóòtì kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ́kọ́ lu ú tóbi, ẹ fi epoxy dí i, kí ó gan, kí ẹ tó wá lu ihò gidi sáàárín epoxy náà. Bóòtì kò ní fara kan igi mọ́ láé. Iṣẹ́ wákàtí méjì ni èyí, òun ni ọ̀pọ̀ ènìyàn sì ń fò.

Résìn

Ní Ọ̀jọ́ta, l'Ékòó, ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣe fáíbà ti ń ra ẹrù wọn, nínú kéègì mẹ́ta: résìn, accelerator, catalyst. Ohun kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ há sórí kí ẹ tó tẹ̀síwájú. Accelerator àti catalyst kò gbọdọ̀ fojú kanra láìsí résìn láàárín wọn. Bí ẹ bá da ọ̀kan sínú èkejì, iná tàbí ìbúgbàù ló ń tẹ̀lé e. Ẹ po accelerator mọ́ résìn ná, kó dàpọ̀ pátápátá, ẹ gbé kéègì rẹ̀ lọ síbòmíràn, kí ẹ tó mú catalyst wá. Ṣíbí ọ̀tọ̀, ife ọ̀tọ̀. Ẹ má fi wọ́n sí pẹpẹ kan náà. Catalyst yẹn kan náà a máa fọ́ ojú ènìyàn. Ẹ wọ awò, ẹ gbé korobá omi sí tòsí.

Catalyst gíráàmù 10 sí 20 ni fún kílò résìn kan. Pẹ̀lú ooru tiwa, 10 ti tó, bíi ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni ẹ sì ní kí ó tó dì. Nítorí náà ẹ má po kílò kan. Ẹ po ìdajì, tàbí kó má tó bẹ́ẹ̀. Résìn tó pọ̀ nínú ike kan a máa gbóná fúnra rẹ̀ títí yóò fi rú èéfín, ike á sì yọ́. Ìyẹn ti ṣẹlẹ̀ sí ẹnikẹ́ni tó bá ti ṣe iṣẹ́ yìí rí, ẹni tó ní kò ṣẹlẹ̀ sí òun, ẹ má gbà á gbọ́.

Níbi tí ìsàlẹ̀ ọkọ̀ ti sán, ẹ má kàn fi fáíbà lé e lórí bí ẹni lẹ bébà mọ́ ògiri. Ẹ fi gíráńdà hó ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kó dà sísàlẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kó fẹ̀ tó ìlọ́po méjìlá sísanra rẹ̀. Ibi tó sanra mílímítà 5, ẹ hó o ní sẹ̀ntímítà 6 yíká. Fáíbà kékeré ni ẹ ó kọ́kọ́ tẹ́, lẹ́yìn náà èyí tó tóbi jù ú lọ, títí tí yóò fi kún. Résìn tó wúwo ní ìlọ́po méjì fáíbà tàbí díẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ ló tó. Résìn àpọ̀jù kì í fún un lágbára, ńṣe ló ń sọ ọ́ di àwo tánganran. Ẹ fi rólà tẹ afẹ́fẹ́ jáde. Ojú résìn á máa lẹ̀ mọ́ọ̀yàn lọ́wọ́ lẹ́yìn tó bá gan tán, nítorí afẹ́fẹ́ kì í jẹ́ kí ó gbẹ tán. Ọ̀rá tí ẹ bá tẹ́ lé e kó tó gan ló ń tọ́jú ìyẹn.

Èérún fáíbà ń yún ni ju ewé wèrèpè lọ. Ẹ wọ aṣọ ọlọ́wọ́ gígùn, ẹ lo ìbọmú; omi tútù ni kí ẹ fi ṣan ara lẹ́yìn iṣẹ́, nítorí omi gbígbóná ń ṣí awọ ara sílẹ̀ fún un.

Túùbù àti àwo iyọ̀

Mo ti ṣe àṣìṣe kan tí mo fi ń kọ́ àwọn ọmọ iṣẹ́. Ọkọ̀ onítúùbù àkọ́kọ́ tí mo tún ṣe, oṣù Keje ni mo lẹ̀ ẹ́. Gọ́ọ̀mù dára, àlẹ̀mọ́ dára, mo hó ojú rẹ̀ dáadáa. Ó di afẹ́fẹ́ mú fún ọjọ́ mẹ́sàn-án. Ní ọjọ́ kẹwàá, láàárín odò, àlẹ̀mọ́ tó tóbi jù lọ ká kúrò lára túùbù bí ewé mọ́ínmọ́ín. Mo tẹjú mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀: funfun kan wà lójú gọ́ọ̀mù náà, bí ìrì orí gíláàsì. Ọ̀rinrin afẹ́fẹ́ ni. Ó ti bà sórí gọ́ọ̀mù kí n tó tẹ àlẹ̀mọ́ mọ́ ọn. Ọ̀rẹ́ mi kan ló fi okùn fà mí délé, kò sì yé sọ ọ́ níbi ìnáwó títí di òní.

Agolo gọ́ọ̀mù wọ̀nyí, ìwé ara wọn sábà máa ń sọ pé ọ̀rinrin afẹ́fẹ́ kò gbọdọ̀ kọjá ìdá 70 nínú 100, àwọn mìíràn tilẹ̀ ní 60. Àwọn tó kọ ọ́ kò mọ Ìlàjẹ. Lọ́dọ̀ wa, ní alẹ́ àti ní kùtùkùtù, afẹ́fẹ́ ń kún bí aṣọ tí a kò fún. Ohun tí ẹ ní láti fi bá a jà ni àkókò. Láàárín oṣù Kejìlá sí oṣù Kejì, nígbà tí ọyẹ́ bá fẹ́ dé ọ̀dọ̀ wa, láti agogo mọ́kànlá òwúrọ̀ sí agogo méjì ọ̀sán, lábẹ́ ibòòji, níbi tí oòrùn kò ti kan túùbù, ni kí ẹ ti lẹ̀ ẹ́. Oòrùn a máa mú kí gọ́ọ̀mù gbẹ lójú kí inú rẹ̀ tó gbẹ.

Géèjì ọ̀rinrin kékeré kò wọ́n, ẹ rà á. Bí ẹ kò bá tíì rí i rà, ẹ mú iyọ̀ ìsebẹ̀, ẹ yan án nínú páànù kó gbẹ fúrú, kó tutù, ẹ tú u pẹlẹbẹ sínú àwo, ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ túùbù fún wákàtí kan. Bí afẹ́fẹ́ bá ti ní ọ̀rinrin tó nǹkan bí ìdá 75, iyọ̀ a bẹ̀rẹ̀ sí í fa omi, a dì, a tutù lọ́wọ́. Ní ọjọ́ tí ó bá dì, ẹ bo agolo gọ́ọ̀mù, ẹ lọ ṣe nǹkan mìíràn. Tí kò bá dì, ìyẹn kò sọ pé ó dára tó. Ó kàn sọ pé kò tíì burú. Lójú tèmi, àwo iyọ̀ yìí ti gba ọkọ̀ là ju gọ́ọ̀mù olówó ńlá lọ.

Ẹ gbọ́dọ̀ mọ irú túùbù tí ẹ ní, nítorí gọ́ọ̀mù ti ọ̀kan kò di èkejì mú. Oríṣi méjì ló wọ́pọ̀. PVC ń dán nínú lóde, bí tapólì tó nípọn. Hypalon kò dán, inú rẹ̀ jọ rọ́bà dúdú tàbí eérú. Bí ó bá ṣòro láti mọ̀, ẹ fi òwú tí ẹ rì sínú MEK, irú tínà kan, nu ibi kọ́lọ́fín kan: PVC á bẹ̀rẹ̀ sí í lẹ̀ mọ́ yín lọ́wọ́. Ẹ fi sáńpépà ha Hypalon, eruku gbígbẹ ló máa yọ. DuPont ará Amẹ́ríkà tó ń ṣe ojúlówó Hypalon ti dáwọ́ rẹ̀ dúró ní 2010; àwọn mìíràn ń ṣe irú rẹ̀, CSM ni wọ́n ń kọ sí i. Nítorí náà ẹni tó bá ní Hypalon DuPont tuntun lòun ń tà fún yín, ẹ kí i, ẹ máa lọ.

Gọ́ọ̀mù fọ́kánáísà kò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí rárá. Túùbù táyà ló mọ̀. Gọ́ọ̀mù alágolo méjì ni kí ẹ rà, èyí tó ní ògùn tí a ń po mọ́ ọn, ti Hypalon fún Hypalon, ti PVC fún PVC. Ẹ wo ọjọ́ ara rẹ̀, nítorí ògùn náà ń kú nínú ìgò. Iye tí ìwé rẹ̀ bá ní kí ẹ pò ni kí ẹ pò, ẹ má fi ojú díwọ̀n.

Hypalon, ẹ fi sáńpépà líle ha á àti àlẹ̀mọ́ rẹ̀ títí dídán yóò fi kúrò, ẹ nu eruku rẹ̀ nù pẹ̀lú toluene. PVC, ẹ má ha á, MEK ni kí ẹ fi nù ún. Ẹ gé igun àlẹ̀mọ́ ní róbótó, igun ṣóńṣó ló kọ́kọ́ ń ká. Kí ó kọjá ihò ní sẹ̀ntímítà 5 ní gbogbo ẹ̀gbẹ́. Bí yíya bá gùn ju ìka ọwọ́ lọ, ẹ ki àlẹ̀mọ́ kan bọ inú, kí ẹ tó lẹ èyí tó wà lóde. Ẹ fi gọ́ọ̀mù kùn ún fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lójú méjèèjì, ẹ dúró bí ìdajì wákàtí, ẹ fi ẹ̀ẹ̀kejì kùn ún. Ẹ fi ẹ̀yìn ìka kàn án: nígbà tó bá ń dì mọ́ ìka, tí kò sì bá ìka lọ, ó ti tó. Ẹ tẹ́ ẹ láti àárín lọ sí ẹ̀gbẹ́, ẹ fi ẹ̀yìn ṣíbí tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ bí ẹni pé owó ilé wà lábẹ́ rẹ̀. Ọjọ́ kan gbáko kí ẹ tó fi ọwọ́ kàn án, ọ̀sẹ̀ kan kí ẹ tó fẹ́ ẹ kún.

Fífẹ́ náà ní ọgbọ́n tirẹ̀. Psi ni a fi ń wọn agbára afẹ́fẹ́ inú túùbù; ọ̀pọ̀ wọn kò fẹ́ ju psi 3 tàbí 3.5 lọ, nígbà tí táyà mọ́tò ń jẹ nǹkan bí 30. Ẹ̀rọ fọ́kánáísà lè fọ́ iṣẹ́ oṣù mẹ́ta ní ìṣẹ́jú kan, géèjì rẹ̀ kò sì mọ psi 3 sí òdo. Pọ́ńpù ẹlẹ́sẹ̀ ni kí ẹ lò. Fún géèjì, ẹ ra rọ́bà omi tó mọ́ gaara, mítà 6, ẹ tẹ̀ ẹ́ bí lẹ́tà U mọ́ òpó ilé, ẹ bu omi sí i títí yóò fi dé mítà kan àti díẹ̀ ní ẹsẹ̀ méjèèjì. Ẹ da búlúù tí a fi ń fọ aṣọ funfun sí i kí ojú lè rí i. Ẹ so ẹnu kan mọ́ ọ̀nà tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọ túùbù. Bí ẹ ti ń fẹ́ ẹ, omi ẹsẹ̀ kan á máa sọ̀kalẹ̀, tèkejì á máa gòkè. Ẹ wọn ìyàtọ̀ tó wà láàárín méjèèjì: sẹ̀ntímítà 70 jẹ́ psi 1. Mítà 2 àti sẹ̀ntímítà 10 jẹ́ psi 3.

Inú túùbù pín sí yàrá. Ẹ fẹ́ yàrá kọ̀ọ̀kan díẹ̀díẹ̀, ẹ máa yí i ká, nítorí bí ọ̀kan bá kún tí èkejì ṣófo, ògiri àárín wọn ló máa fà ya, ẹ kò sì lè rí ibẹ̀ lẹ̀ láìfọ́ túùbù náà. Ẹ kọ́kọ́ kán ọṣẹ tó hó sí fáàfù, nítorí fáàfù ló ń jò jù, rọ́bà rẹ̀ kékeré ló sì ń tún un ṣe. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀gbẹ́ ìsopọ̀. Ẹ ka géèjì omi náà ní agogo méje òwúrọ̀, ẹ tún un kà ní agogo méje òwúrọ̀ ọjọ́ kejì. Ẹ má fi òwúrọ̀ wé ọ̀sán. Bí ooru inú rẹ̀ bá fi digíríì 20 gòkè, psi 3 á di bíi psi 4 láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fẹ́ ẹ, ìdí nìyẹn tí ọkọ̀ onítúùbù fi ń bẹ́ lórí ilẹ̀ lọ́jọ́ tí olówó rẹ̀ lọ sí ìsìnkú.

Ẹ́ńjìnì àti omi

Ẹ́ńjìnì ní orí tirẹ̀ níwájú. Níhìn-ín, kìkì èyí: Yamaha 40 tó wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa wúwo tó bíi kílò 70, gbogbo rẹ̀ ló sì ń fa pákó ìdí sẹ́yìn nígbà tí ọkọ̀ bá gbéra. Ẹ wọn gíga pákó ìdí kí ẹ tó ra ẹ́ńjìnì. Sẹ̀ntímítà 38 ni ti ẹsẹ̀ kúkúrú, 51 ni ti ẹsẹ̀ gígùn. Bóòtì aláìdípàtà ni kí ẹ lò. Ìṣó páànù kò ní àyè nínú ọkọ̀ yìí.

Ẹ gbé e sómi ní Ìgbókòdá lákọ̀ọ́kọ́, létí bèbè, láìsí ẹ́ńjìnì, kí ẹni mẹ́ta tó wọ jákẹ́ẹ̀tì agbẹ̀mílà jókòó sínú rẹ̀ fún wákàtí kan. Ẹ má bẹ̀rù koríko orí omi tó ti dí odò wa láti àwọn ọdún 1980. Ọkọ̀ ni kí ẹ máa wò, kì í ṣe odò. Bí kò bá jò, ẹ gbé ẹ́ńjìnì kọ́, ẹ rọra wà á, kí ẹnì kan máa fi ọwọ́ kan pákó ìdí nínú, kí ó gbọ́ bóyá ó ń mì. Ọjọ́ kejì ni kí ẹ tó gbé e dé ibi tí omi ti níyọ̀, lọ́nà Ayétòrò, ní ìgbà tí òkun bá fà, tí ilẹ̀ ṣì mọ́, pẹ̀lú ọkọ̀ kejì lẹ́yìn yín.

Bí ẹ bá dé, ẹ fà á sókè, kí imú rẹ̀ ga, ẹ jẹ́ kí ó sùn bẹ́ẹ̀ mọ́jú. Láàárọ̀, ẹ ṣí ìdérí tó wà ní ìsàlẹ̀ ìdí rẹ̀, ẹ gba omi tó bá jáde sínú ife. Ẹ kọ́kọ́ gbóòórùn rẹ̀, ẹ wò bóyá epo ń dán lójú rẹ̀. Bí kò bá sí epo, ẹ fi ìka kàn án, kí ẹ fi kan ahọ́n. Bí kò bá níyọ̀, òjò tàbí ìrì ló wọlé láti òkè, ẹ wá ibi tí ìdérí kò ti dì. Bí ó bá níyọ̀, ẹ gbé e padà sórí táyà.